Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ìwọ̀n Oorun Tó Tó Yín

Ní àsìkò tí mo ń ti Ìkòròdú lọ síbi iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mo máa ń kúrò nílé kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ má baà ká mi mọ́ ojú ọ̀nà. Bí mo bá ti san owó ọkọ̀ tán, tí mo fi orí ti gíláàsì fèrèsé, oorun á ti gbé mi lọ kí a tó dé Máìlì 12, ó sì di ìgbà tí kọ̀ńdọ́ bá gbá mi léjìká kí n tó mọ̀ pé a ti sọdá afárá. Mo máa ń fi èyí yangàn lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé èmi kì í wá oorun tì, pé ibi tó bá ti bá mi ni mo ti ń sùn ún. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹni tí oorun rẹ̀ pé kì í sùn lọ láàárín ìṣẹ́jú méjì lórí àga ọkọ̀ tó ń mì jìgìjìgì.

Wákàtí 8 ni gbogbo ènìyàn máa ń dárúkọ bí a bá béèrè pé oorun mélòó ló tó ènìyàn. Iye náà kò burú, ṣùgbọ́n bí aránṣọ bá fi ìwọ̀n ẹnì kan ṣoṣo gé ṣòkòtò fún gbogbo àdúgbò, yóò bá àwọn kan mu, yóò fún àwọn kan mọ́ra, yóò sì máa wọ́ nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn mìíràn. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí ẹ ṣe lè wọn oorun tiyín gan-an, láìná owó kankan, pẹ̀lú ìwé àjákọ kan àti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́ orí ni kí a kọ́kọ́ wò. Ní ọdún 2015, àjọ National Sleep Foundation ní Amẹ́ríkà kó àwọn onímọ̀ jọ láti yẹ àwọn ìwádìí ìṣáájú wò, wọ́n sì gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ fún ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tuntun títí di oṣù 3 nílò wákàtí 14 sí 17 láàárín ọ̀sán àti òru. Ọmọ oṣù 4 sí 11 nílò wákàtí 12 sí 15. Ọmọ ọdún 1 sí 2 nílò wákàtí 11 sí 14. Ọmọ ọdún 3 sí 5 sì nílò wákàtí 10 sí 13. Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ tuntun bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí: ọmọ náà ń sùn wákàtí 16 lójúmọ́, ó kàn ń gé e kéékèèké ni, ìyá nìkan ni kò fojú kan nǹkan kan.

Ọmọ ọdún 6 sí 13 nílò wákàtí 9 sí 11, èyí tó wà láàárín ọdún 14 sí 17 sì nílò wákàtí 8 sí 10. Àwọn ọ̀dọ́ yìí ni mo rò pé a ń fìyà jẹ jù. Nígbà tí ìbàlágà bá dé, aago inú ara máa ń yí padà, tí oorun kì í fi í tètè kùn wọ́n lálẹ́ bíi ti ìgbà tí wọ́n kéré. Bí ọmọ ọdún 15 kò bá wá rí oorun sùn kí aago 11 tó lù, tí a sì ta omi sí i lójú ní aago márùn-ún ìdájí kí ọkọ̀ ilé-ìwé má baà já a sílẹ̀, wákàtí 6 péré ló sùn. Kí a má tíì máa pè é ní ọ̀lẹ.

Fún àgbàlagbà láti ọdún 18 sí 64, wákàtí 7 sí 9 ni wọ́n sọ, láti ọdún 65 sókè sì jẹ́ wákàtí 7 sí 8. Ẹ ṣàkíyèsí pé ti arúgbó kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Bàbá tó ń jí ní aago mẹ́rin kí wọ́n tó pe ìrun lè máa sọ pé oorun wákàtí 5 ti tó òun, ṣùgbọ́n ẹ ka èyí tó sùn lórí àga lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán mọ́ ọn, àti èyí tó tún sùn níwájú tẹlifíṣọ̀n kí ìròyìn tó parí. Ohun tó yí padà jù lọ́jọ́ ogbó ni pé oorun á máa já lóru, kò sì ní wọra tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Láti wákàtí 7 dé 9, àlàfo wákàtí 2 ló wà níbẹ̀, àlàfo yìí sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ ìka kò dọ́gba: tọkọtaya lè jọ sùn lórí ibùsùn kan náà ní aago mẹ́wàá, kí ọ̀kan ti jí pépé ní aago márùn-ún, kí èkejì ṣì nílò rẹ̀ títí di aago méje, kí ara àwọn méjèèjì sì pé. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí ìwọ̀nba díẹ̀ tó. Ní ọdún 2009, Ying-Hui Fu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California ròyìn ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tí oorun nǹkan bíi wákàtí 6 tó nítorí ìyípadà kan tí wọ́n bí mọ́ wọn nínú jíìnì tí à ń pè ní DEC2. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ka ara wa mọ́ wọn, a máa ń fi ọjọ́ Sátidé àti Sunday tú àṣírí ara wa, torí ẹni tí oorun wákàtí 5 bá tó ní tòótọ́, kò ní sùn wákàtí 10 nígbà tí kò bá sí ẹni tó jí i.

Ìdí tí mo fi sọ pé kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ má kàn bi ara yín léèrè bóyá ó tó, ni pé ara máa ń purọ́ fún ènìyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2003 láti Yunifásítì Pennsylvania fi oorun wákàtí 6 lóru mọ fún àwọn kan fún ọjọ́ 14 gbáko. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni ìfura àti ìrántí wọn ń rẹ̀yìn, títí ó fi dà bíi ti ẹni tí kò fojú kan oorun rárá lóru kan tàbí méjì. Síbẹ̀, bí wọ́n bá bi wọ́n pé báwo ni oorun ṣe ń kùn wọ́n sí, ìdáhùn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Àárẹ̀ ti mọ́ wọn lára, wọn kò sì rí i mọ́.

Bí ẹ bá wá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ wá ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹnikẹ́ni kò ní jí yín ní kùtùkùtù. Àkókò ìsinmi ọdọọdún lẹ́nu iṣẹ́ dára fún un, ìsinmi gígùn sì dára fún olùkọ́. Àkókò ààwẹ̀ tí à ń jí jẹ sààrì kò dára, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀sẹ̀ tí ìṣọ́ òru bá wà nínú rẹ̀. Ẹ mú aago kan pàtó tí ẹ ó máa dùbúlẹ̀, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Ẹ pa àlámù, ẹ gbé fóònù sí yàrá mìíràn, ẹ jẹ́ kí yàrá ṣókùnkùn, ẹ sì ta àwọ̀n ẹ̀fọn, torí oorun tí ẹ̀fọn bá gé sí wẹ́wẹ́ kò ṣe é wọ̀n. Bí ooru bá mú tí iná kò sì sí, ẹ wẹ̀ kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì ṣí fèrèsé tó bá ní nẹ́ẹ̀tì. Láti ọ̀sán lọ, ẹ yẹra fún kọfí, tíì tó le àti obì. Kaféènì ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdajì rẹ̀ sì ṣì máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, tó fi jẹ́ pé obì tí ẹ jẹ níbi ìkómọ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣì ń bá yín jà ní aago mẹ́sàn-án. Ọtí náà kò ran ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́. Ó máa ń tètè gbé ènìyàn sùn, lẹ́yìn náà á máa já oorun náà ní ìdajì òru kejì.

Lówùúrọ̀, ẹ kọ aago tí ẹ dùbúlẹ̀ àti aago tí ẹ jí sínú ìwé. Ní aago 11 àárọ̀ àti aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí i: bóyá ojú yín dá ni àbí ẹ ń tòògbé. Ẹ má máa yọjú wo aago lóru o, nítorí ìyẹn gan-an á lé oorun lọ.

Ìwé tèmi nìyí, ní oṣù Kejìlá ọdún kan. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo mú. Òru kìíní, wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 10. Òru kejì, wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 40, síbẹ̀ mo kọ "tòògbé" sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Òru kẹta, wákàtí 9. Òru karùn-ún, 8 àti ìṣẹ́jú 5. Láti òru kẹfà lọ, kò kọjá àárín wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 35 sí 7 àti ìṣẹ́jú 50 mọ́, "tòògbé" sì pòórá nínú ìwé. Àwọn òru àkọ́kọ́ yẹn, gbèsè ni mo ń san, nítorí náà kí ẹ pa nǹkan bí òru 5 àkọ́kọ́ tì, kí ẹ ro ìyókù pọ̀, kí ẹ sì pín in. Tèmi jẹ́ wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 40. Bẹ́ẹ̀ wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 5 ni mo ń sùn lọ́jọ́ iṣẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé nǹkan bíi wákàtí 13 ni mo ń jẹ ara mi láàárín Monday sí Friday.

Ẹni tí kò bá lè rí ìsinmi gbà lè gba ọ̀nà mìíràn. Kí ó fi aago ìjí rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó máa fi ìṣẹ́jú 15 tètè dùbúlẹ̀, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún òru 4 kí ó tó tún fi ìṣẹ́jú 15 mìíràn kún un, títí yóò fi máa jí kí àlámù tó dún. Ibi tó bá dúró sí ni ìwọ̀n rẹ̀.

Mímọ ìwọ̀n kò ní kí ọ̀nà Ìkòròdú ṣí o. Mi ò lè máa sùn ní aago mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí aago mẹ́jọ bá mi lójú títì. Ohun tí mo rí ṣe ni pé mo gbé oúnjẹ alẹ́ àti ìwẹ̀ sáré, mo fi fóònù sílẹ̀, mo sì ń rẹjú ìṣẹ́jú 20 ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Irú ìrẹjú bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kọjá ìṣẹ́jú 30, kò sì yẹ kó lé ní aago mẹ́ta, torí bí oorun bá ti wọra kí a tó jí, orí á wúwo fún ìgbà pípẹ́, oorun alẹ́ náà á sì sá lọ.

Fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òru, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọlọ́dẹ, tàbí àwọn ará wa tó ń tọ́jú arúgbó lóru ní ìlú Ọba, gbogbo wákàtí 24 ni kó kà pọ̀. Kí ó dùbúlẹ̀ kété tó bá délé, kí ó fi kọ́tìnì tó nípọn dí oòrùn, kí ó sì sọ fún àwọn ẹbí nílé pé aago 11 òwúrọ̀ ni ìdajì òru tirẹ̀, kí wọ́n má pè é nígbà náà. Aláboyún náà ń kọ́? Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ó sùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ láìtijú ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá ti fún ara yín ní wákàtí 8 tàbí 9 fún ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ṣì ń tòògbé lọ́sàn-án, kì í ṣe iye wákàtí ló kù díẹ̀ káàtó mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn bóyá ẹ máa ń hanrun kíkankíkan, tí èémí á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tí ẹ ó sì ta gìrì bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Àìsàn ni èyí, ó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru rìn, ó sì ní ìtọ́jú. Bákan náà ni ẹni tí oorun kọ̀ láti wá fún òru mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, tó sì ti di oṣù mẹ́ta. Kí ó má lọ ra oògùn oorun fúnra rẹ̀ ní kẹ́mísìtì. Kí ó lọ rí dókítà, kí ó sì mú ìwé àjákọ ọ̀sẹ̀ méjì náà dání, nítorí ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ béèrè ti wà nínú rẹ̀.