Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Àtẹ AP Top 25 Sílẹ̀ Kí AP Fúnra Wọn Tó Gbé E Jáde

Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè ní New York, nígbà tí aago méje alẹ́ ti lù ní Èkó, ni ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press máa ń gbé AP Top 25 jáde, ìyẹn àtẹ ikọ̀ 25 tí wọ́n kà sí ọ̀gá nínú bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù tiwọn ni mò ń wí o, èyí tó ṣe ṣóńṣó lórí tó ṣe ṣóńṣó nídìí, tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré. Orúkọ Yorùbá ò wọ́n níbẹ̀. Olu Fashanu gbá a fún Penn State kí New York Jets tó mú un ní 2024, Olusegun Oluwatimi sì gba àmì ẹ̀yẹ Outland àti Rimington nígbà tó wà ní Michigan ní 2022. Àwọn èèyàn wa tó ń wò ó kò kéré, àríyànjiyàn alẹ́ Sọ́ńdè lórí àtẹ náà kò sì kéré.

Bí ẹ ṣe lè kọ àtẹ yẹn sílẹ̀ fúnra yín láàárọ̀ Sọ́ńdè ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Kò pọn dandan kí ẹ mọ bọ́ọ̀lù ju àwọn tó ń dìbò lọ. Ọkàn àwọn olùdìbò ni ẹ fẹ́ kà. Ẹni tó bá jókòó tó ń ronú ikọ̀ tó dára jù yóò ṣìnà. Ẹni tó bá ń ronú ohun tí oníròyìn kan yóò kọ, ẹni tó wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta lójú ara rẹ̀, tó gbọ́ èsì ogún mìíràn lẹ́nu àwọn ẹlòmíì, tí oorun sì ń kùn, òun ló máa ń súnmọ́ òótọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀

Oníròyìn àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá bí 60 tàbí kó lé díẹ̀ ló ń dìbò. Oníkálukú a to ikọ̀ 25 sílẹ̀. Èyí tó fi sí ipò kìn-ín-ní gba máàkì 25, ìkejì gba 24, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dín títí dé ìkarùndínlọ́gbọ̀n tó gba máàkì 1. Wọ́n a wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Láti 1936 ni AP ti ń ṣe é, àmọ́ 1989 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ikọ̀ 25.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ kọ máàkì sílẹ̀, ipò nìkan kò tó

Ẹ ṣí àtẹ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí ẹ da ipò àti máàkì ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú Excel tàbí sínú ìwé. Ẹ má gbàgbé àwọn tó gba máàkì díẹ̀ tí wọn ò wọ inú 25, AP máa ń to orúkọ wọn sí ìsàlẹ̀.

Máàkì ló ń sọ bí ẹnì kan ṣe jìnnà sí ẹni tó wà lókè rẹ̀ tó. Ká ní olùdìbò 60 ló wà, tí ikọ̀ kan sì ní máàkì 1,200. Ẹ fi 60 pín in, ó di 20. Ẹ yọ 20 kúrò nínú 26, ó ku 6. Ìyẹn ni pé lójú olùdìbò àárín, ipò kẹfà ni ikọ̀ náà wà. Ìṣirò yìí dára fún àwọn tó wà lókè. Nísàlẹ̀ ó máa ń tan èèyàn, nítorí ọ̀pọ̀ olùdìbò ò tilẹ̀ kọ orúkọ àwọn ikọ̀ yẹn rárá.

Ìṣirò kejì ni mo fẹ́ràn jù. Bí olùdìbò kan bá gbé ẹni tó wà nísàlẹ̀ lékè ẹni tó wà lókè rẹ̀ gan-an, àlàfo àárín wọn a fi máàkì 2 dín. Bí àlàfo bá jẹ́ 30, olùdìbò 16 péré tó bá yí ọkàn padà ti tó láti pààrọ̀ ipò wọn. Bí àlàfo bá jẹ́ 150, kí gbogbo olùdìbò 60 ṣe bẹ́ẹ̀ pàápàá, kò tó. Torí náà ipò karùn-ún àti ìkẹfà lè jẹ́ ìbejì lọ́sẹ̀ kan, kí wọ́n sì jìnnà síra lọ́sẹ̀ mìíràn, ẹni tó ń wo ipò nìkan ò ní mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ to ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà

Kí Sátidé tó pé, ẹ kọ ẹni tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ́ bá pàdé, bóyá nílé ni tàbí lẹ́yìn odi, àti àwọn tó ń sinmi lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń sinmi kì í sábà wálẹ̀, ó tilẹ̀ lè gòkè láìgbá bọ́ọ̀lù kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ́kọ́ gbé àwọn tó fìdí rẹmi sọ̀kalẹ̀

Ibí ni ọgbọ́n wà jù. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi ara yín: ta ló nà wọ́n, ayò mélòó ni wọ́n fi nà wọ́n, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n sì ti fìdí rẹmi tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 2024, Ohio State tó wà ní ipò kejì lọ bá Oregon tó wà ní ipò kẹta nílé wọn. Oregon fi 32 sí 31 borí. Ohio State sọ̀kalẹ̀ sí ipò kẹrin, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì ayò kan ṣoṣo, lẹ́yìn odi, lọ́wọ́ ẹni tó bá wọn dọ́gba: àwọn olùdìbò máa ń dárí jini nírú èyí.

Ẹ wá wo Penn State ní 2025. Ipò kẹta ni wọ́n wà nígbà tí Oregon tó wà ní ìkẹfà nà wọ́n ní 30 sí 24 lẹ́yìn àfikún àsìkò ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n bọ́ sí ipò keje. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ bá UCLA, tí kò tíì borí ẹnikẹ́ni lọ́dún yẹn, UCLA sì fi 42 sí 37 fàgbà hàn wọ́n. Láti ipò keje, Penn State pòórá nínú àtẹ pátápátá. Ìyàtọ̀ àmì ayò ẹ̀ẹ̀kejì kéré sí ti àkọ́kọ́, àmọ́ orúkọ ẹni tó nà wọ́n àti pé ó ti di ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀ léra ló ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Ohun tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú ni ti Alabama àti Notre Dame lọ́dún 2024. Notre Dame wà ní ipò karùn-ún nígbà tí Northern Illinois, ilé ìwé líìgì kékeré, wá nà wọ́n nílé wọn ní 16 sí 14. Ipò kejìdínlógún ni wọ́n bá ara wọn. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Vanderbilt nà Alabama tó wà ní ipò kìn-ín-ní ní 40 sí 35, Alabama ò sì kọjá ipò keje. Ìdí rẹ̀ ni pé líìgì SEC, èyí tí àwọn olùdìbò kà sí líìgì alágbára, ni Vanderbilt àti Alabama jọ wà, ẹni tí SEC bá nà, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ tì í. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, Alabama ṣẹ̀ṣẹ̀ lu Georgia ni, àwọn olùdìbò rí nǹkan dì mú. Ẹni tó sì ń já bọ́ láti ipò kìn-ín-ní ní máàkì rẹpẹtẹ nílẹ̀. Bóyá èyí tọ́ tàbí kò tọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn mìíràn máa jà lórí ìyẹn. Ẹ̀yin ẹ ṣáà kọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe.

Òṣùwọ̀n tí mo ń lò rèé. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lọ́wọ́ ikọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ lórí àtẹ, ẹ fi ipò 2 sí 5 rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ikọ̀ líìgì ńlá tí kò sí nínú 25 ló nà án, ẹ fi 6 sí 13 rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Florida State ṣe Alabama báyìí ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà 2025, 31 sí 17, Alabama sì ti ipò kẹjọ lọ sí ìkọkànlélógún. Bó bá jẹ́ ilé ìwé kékeré, ẹ má bojú wẹ̀yìn. Michigan wà ní ipò karùn-ún ní oṣù Kẹsàn-án 2007 nígbà tí Appalachian State, tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀ nígbà náà, wá nà wọ́n ní 34 sí 32 nílé wọn ní Ann Arbor, àtẹ tó tẹ̀ lé e ò sì ní orúkọ Michigan nínú. Ẹni tó wà láti ipò kejìdínlógún sísàlẹ̀ tó bá fìdí rẹmi, ẹ sáà yọ ọ́ kúrò, àfi bí ẹni tó nà án bá jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ jẹ́ kí ìlà sún

Àwọn tó borí dà bí èèyàn tó tò sórí ìlà nílé epo: bí ẹni iwájú bá kúrò, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn á sún sókè, kò sí ẹni tó ń fo ẹnì kejì láìnídìí. Olùdìbò kì í to àtẹ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló máa ń ṣí, á yí ibi tó yẹ kó yí. Ikọ̀ tó bá fi ayò kékeré borí ẹni yẹpẹrẹ lè pàdánù ipò kan sọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, pàápàá bí àlàfo máàkì wọn ò bá pọ̀. Ibẹ̀ ni ìṣirò ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní ti wúlò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá àwọn tó máa fo ìlà

Ẹni tó bá nà ikọ̀ tó wà nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló ní ẹ̀tọ́ láti fo. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni èyí ń lágbára jù, nítorí àtẹ oṣù Kẹjọ, tí wọ́n ń dì kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, ìméfò ni, àwọn tó dì í mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2025, LSU tó wà ní ìkẹsàn-án lọ nà Clemson tó wà ní ìkẹrin nílé wọn, 17 sí 10, ó sì di ìkẹta. Florida State tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì péré ló borí nínú 12 lọ́dún tó ṣáájú, fo láti ìta wá sí ipò kẹrìnlá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bó bá di oṣù Kẹwàá, irú ìfò bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ẹ ṣọ́ra fún èrò pé ẹni tó borí gbọ́dọ̀ wà lókè ẹni tó nà. Bí iye ìgbà tí àwọn méjèèjì ti fìdí rẹmi bá dọ́gba, ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá dọ́gba, kò dájú. Vanderbilt nà Alabama tó wà ní ipò kìn-ín-ní, síbẹ̀ kò wọ inú 25 lọ́jọ́ kejì, torí ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú. Northern Illinois tí kò tíì fìdí rẹmi rárá, tirẹ̀ wọlé sí ipò karùndínlọ́gbọ̀n.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìsàlẹ̀ àtẹ

Láti ogún sí karùndínlọ́gbọ̀n, kò sí ẹni tó ń gbà á tán. Máàkì kéré níbẹ̀, olùdìbò mẹ́wàá lè yí gbogbo rẹ̀ po. Ẹ mú orúkọ àwọn tó gba máàkì jù lábẹ́ 25 lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ yọ àwọn tó fìdí rẹmi lára wọn, kí ẹ fi àwọn tó kù dí àyè tó ṣí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tò. Ẹ fún àwọn tí kò tíì fìdí rẹmi ní ojúrere díẹ̀, kí ẹ sì fún àwọn ilé ìwé olórúkọ ńlá náà.

Ẹ rántí pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà lè bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ New York, ìyẹn aago mẹ́ta ààbọ̀ òru lọ́dọ̀ wa. Olùdìbò púpọ̀ á ti sùn. Ẹni tó ṣe bẹbẹ lásìkò yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí èrè rẹ̀ gbà, ẹ má gbé e sókè jù.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ yẹ ara yín wò

AP máa ń jẹ́ kí aráyé rí ohun tí olùdìbò kọ̀ọ̀kan kọ, nítorí náà ẹ lè rí ẹni tó ṣe ohun tí ẹ ò retí. Fún àtẹ tiyín, ẹ yọ ipò tí ẹ kọ kúrò nínú ipò tó jáde fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má wo bóyá òkè ni ẹ ṣì í sí tàbí ìsàlẹ̀, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bó bá ṣe kéré tó ló dára tó. Ẹ tún ṣe àtẹ ọ̀lẹ kan: ẹ fi gbogbo ikọ̀ sí ipò tí wọ́n wà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ kàn fi ipò mẹ́jọ rẹ gbogbo ẹni tó fìdí rẹmi sílẹ̀. Bí ọ̀lẹ yẹn bá ń fìgbà gbogbo ṣe dáadáa jù yín lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀ ń gbé àwọn tó borí fò jù.

Ọ̀rọ̀ àkókò díẹ̀. Lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀ Labor Day, ìyẹn ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ Túsìdeè ni àtẹ máa ń jáde, torí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù títí di Mọ́ńdè. Bí wọ́n bá sì yí aago padà níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, aago méje tiwa á di aago mẹ́jọ.

Oṣù Kọkànlá yẹn náà ni ìgbìmọ̀ College Football Playoff, ẹlẹ́ni 13, àwọn tó ń yan ikọ̀ tó máa du ife ẹ̀yẹ òpin sáà, ń bẹ̀rẹ̀ àtẹ tiwọn ní ọjọ́ Túsìdeè. Ẹ má lo òṣùwọ̀n òkè yìí fún un. Inú yàrá kan ni wọ́n ti ń jíròrò, wọ́n sì máa ń béèrè irú àwọn tí ikọ̀ kan ti bá pàdé àti bí ikọ̀ náà ṣe rí lónìí. Ní 2023, Florida State borí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13 nínú 13, síbẹ̀ ìgbìmọ̀ fi wọ́n sí ipò karùn-ún lábẹ́ Texas àti Alabama, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé Jordan Travis, quarterback wọn (ẹni tó ń darí eré tó sì ń ju bọ́ọ̀lù), ti fara pa. Fún àtẹ ìgbìmọ̀, ìròyìn àwọn tó fara pa ni kí ẹ kọ́kọ́ kà kí ẹ tó ṣí Excel.