Ẹ kó orin inú iPod yín jáde kó tó dákẹ́

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tó bá ṣì ní iPod àtijọ́, irú èyí tí a ń fi ìka yí iwájú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó orin inú rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà lọ́sẹ̀ yìí. Láti ọdún 2022 ni Apple ti jáwọ́ nínú iPod, hard disk tó ń yí ló sì wà nínú iPod Classic, ọ̀kan lára irú wọn. Ọjọ́ tó bá dákẹ́, ó parí nìyẹn.

Ẹ fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí iTunes, ètò orin Apple lórí kọ̀ǹpútà, bá ní òun fẹ́ pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ kóun tó fi tòun síbẹ̀, ẹ má gbà o! Cancel ni kí ẹ tẹ̀. Ibẹ̀ ni àpálà bàbá mi, tí mo fi odindi ọjọ́ mẹ́ta gbà látinú kásẹ́ẹ̀tì, bá lọ.

Bí kọ̀ǹpútà ò bá rí i bíi fúláàṣì, ẹ di Menu àti bọ́tìnì àárín mú títí àmì Apple á fi yọ, kí ẹ wá yára di bọ́tìnì àárín àti Play mú.

Ẹ ní kí Windows fi fódà tó fara pamọ́ hàn. Ẹ ṣí iPod_Control, kí ẹ kọ́pì Music tó wà níbẹ̀. Ẹ má jáyà bí ẹ bá rí F00, F01, àti orúkọ játijàti bíi XKQD.mp3. Bí wọ́n bá ti kọ orúkọ olórin sínú fáìlì náà tẹ́lẹ̀, á jáde padà tí ẹ bá gbé e sínú iTunes.

Ẹ gbọ́ orin bíi márùn-ún wò kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. iPod Touch kọ́ là ń wí o, tiẹ̀ yàtọ̀.