Bí a ṣe ń so rédíò VHF àti ẹ̀rọ atọ́nà pọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré

Ìlànà yìí wà fún ẹni tó ní ọkọ̀ fáíbà tó gùn tó mítà 6 sí 8, tó ń lo ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ọkọ̀ àti bátìrì 12 volt, yálà ó ń fi kó èrò lórí ọ̀sà Èkó ni tàbí ó ń fi pẹja lójú òkun ní apá Ìlàjẹ. Rédíò VHF, ìyẹn èyí tí ọkọ̀ fi ń bá ọkọ̀ mìíràn àti èbúté sọ̀rọ̀, yóò sọ̀rọ̀ bí a bá kàn so ó mọ́ bátìrì, ẹ̀rọ atọ́nà tí a kàn so mọ́ bátìrì yóò sì fi ọ̀nà hàn. Ṣùgbọ́n bí a kò bá so àwọn méjèèjì pọ̀, tí rédíò náà kò sì ní GPS (ohun tó ń mọ ibi tí ọkọ̀ wà) tirẹ̀ nínú, bọ́tìnnì pupa tó wà lára rẹ̀ yóò ké gbàjarè láì lè sọ ibi tí ọkọ̀ wà. Mo ka wáyà tín-ínrín tó wà láàárín àwọn méjèèjì sí pàtàkì ju gbogbo wáyà yòókù lọ.

Rédíò tí mo ń sọ ni èyí tó ní DSC, ìyẹn ìlànà tí rédíò fi ń fi nọ́ńbà ọkọ̀ àti ibi tó wà ránṣẹ́ lórí ìkànnì 70 láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu. Láti oṣù Kejì ọdún 1999 ni òfin àgbáyé ti kàn án nípá fún gbogbo ọkọ̀ ńlá tó tó 300 tọ́ọ̀nù sókè, tó ń rìn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, pé kí wọ́n ní irú rédíò yìí kí wọ́n sì máa ṣọ́ ìkànnì náà. Nítorí náà, ọkọ̀ ẹrù tó ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ lójú òkun níwájú Èkó lè gbọ́ igbe ọkọ̀ apẹja kékeré kó tó di pé ẹnikẹ́ni ní èbúté gbọ́.

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ tò. Rédíò tó ń fi agbára 25 watt sọ̀rọ̀ máa ń fa nǹkan bí amp 5 sí 6 nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì ọ̀rọ̀, kì í sì í fa tó amp 1 nígbà tó bá kàn ń gbọ́. Ìdí nìyí tí rédíò fi lè máa gbọ́ dáadáa lórí wáyà tí kò nípọn tó, tí yóò sì kú ní kété tí ẹ bá fẹ́ fèsì. Ẹ jẹ́ kí rédíò ní wáyà tirẹ̀ àti fíúùsì tirẹ̀, kí fíúùsì náà wà lórí wáyà pupa nítòsí bátìrì, kó sì jẹ́ iye amp tí ìwé rédíò náà kọ. Wáyà ilé kì í pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ oníyọ̀. Wáyà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi, tí kọ́pà inú rẹ̀ funfun nítorí tíìnì tí wọ́n fi bò ó, ni kí ẹ rà. Bí bátìrì kan ṣoṣo bá ń tan ẹ́ńjìnì tó tún ń gbé rédíò, iná yóò máa já wálẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ tan ẹ́ńjìnì, ẹ̀rọ atọ́nà yóò sì máa kú, yóò sì tún máa tàn. Bí owó bá wà, ẹ ra bátìrì kejì fún àwọn ẹ̀rọ yìí nìkan.

Ẹ́ríà ló ń pinnu bí ohùn yín yóò ṣe jìnnà tó, gíga rẹ̀ sì ṣe pàtàkì ju agbára rédíò lọ, nítorí pé ìgbì VHF máa ń lọ ní tààrà, kì í tẹ̀ lé bí ayé ṣe rí roboto. Ẹ́ríà tó ga ní mítà 2 sí ojú omi kò dé ju nǹkan bí kìlómítà 6 lọ. Bí ó bá ga tó mítà 4, ó di nǹkan bí 8. Ọkọ̀ méjì tí ẹ́ríà wọn ga ní mítà 4 lè gbúròó ara wọn ní nǹkan bí kìlómítà 16, nítorí pé ẹ ó ro ti ọkọ̀ kìn-ín-ní pọ̀ mọ́ ti ìkejì. Wáyà ẹ́ríà gbọ́dọ̀ jẹ́ oní 50 ohm. Ti tẹlifíṣọ̀n, tó kún gbogbo ọjà, jẹ́ 75 ohm, kò sì bá rédíò yìí mu bó tilẹ̀ jọ ọ́ lójú. RG-58, irú wáyà ẹ́ríà kan tó tín-ínrín, dára fún ìrìn kúkúrú, ṣùgbọ́n ní mítà 6 yóò ti jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rédíò, nítorí náà ẹ lo RG-213 tó nípọn jù ú lọ bí ọ̀nà bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti de orí wáyà náà, tí ẹ kò sì tíì fi mọ́ rédíò tàbí ẹ́ríà, ẹ fi mítà tí a fi ń wọn iná wo irin àárín àti ara ìta: wọn kò gbọ́dọ̀ kan ara wọn. Ẹ fi táápù tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ dí gbogbo ibi tí omi lè gbà wọlé. Ẹ má ṣe tẹ bọ́tìnnì ọ̀rọ̀ láé nígbà tí ẹ́ríà kò bá sí lórí rédíò, nítorí pé ó lè ba rédíò náà jẹ́.

Nígbà tí ẹ́ríà bá ti wà níbẹ̀ ni ẹ tó lè dán iná wò. Kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìkànnì tí kò sí ẹni tó ń lò ó, kì í ṣe 16 (tí a fi ń fi ẹnu ké gbàjarè) tàbí 70, kí ẹ sì fi mítà wọn iná lórí bátìrì àti ní ẹ̀yìn rédíò. Bí ìyàtọ̀ bá ju 0.36 volt lọ, wáyà kéré jù tàbí ibì kan kò fara kan dáadáa.

Ó wá ku wáyà tín-ínrín náà. Èdè tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ atọ́nà fi ń bá rédíò sọ̀rọ̀ ni NMEA 0183, nínú èdè yìí ẹnì kan ní láti sọ̀rọ̀ kí ẹnì kejì sì gbọ́. Nítorí náà, TX (wáyà tó ń sọ̀rọ̀) ẹ̀rọ atọ́nà ni ẹ ó so mọ́ RX (wáyà tó ń gbọ́) rédíò. Bí ẹ bá so TX mọ́ TX, kò ní sí ohun tí yóò bàjẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kò ní sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má ṣe gbára lé àwọ̀ wáyà, nítorí pé olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Ẹ ka ìwé ẹ̀rọ méjèèjì kí ẹ tó ki páláyà mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀rọ atọ́nà bá ní TX méjì, tí wọ́n pè ní A àti B tàbí + àti −, ẹ so + mọ́ +, kí ẹ sì so − mọ́ −. Bí ó bá jẹ́ TX kan péré ló ní, wáyà − ti RX rédíò yóò lọ sí wáyà dúdú tí iná ẹ̀rọ atọ́nà ń gbà padà. Bí ẹ bá fẹ́ kí igbe ọkọ̀ mìíràn hàn lórí máàpù yín, ẹ tún so TX rédíò mọ́ RX ẹ̀rọ atọ́nà. Àwọn wáyà yìí kéré, yíyí wọn pọ̀ lọ́wọ́ kò tó: inú àpótí tó ní ìdérí ni kí ẹ ti fi síkírú dè wọ́n.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí ibi ètò nínú ẹ̀rọ atọ́nà, kí ẹ yan NMEA 0183, kí eré rẹ̀ jẹ́ 4800 ní ìhà méjèèjì, kí ẹ sì rí i pé RMC, ìyẹn gbólóhùn tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà, wà lára ohun tó ń fi ránṣẹ́. 38400 ni ti AIS (ẹ̀rọ tí ọkọ̀ fi ń sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó wà fún àwọn ọkọ̀ tó yí i ká), ohun tó sì máa ń da àwọn ènìyàn láàmú nìyẹn.

Bí ẹ̀rọ méjèèjì bá ń lo NMEA 2000, ìyẹn èdè mìíràn tí àwọn ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, iṣẹ́ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: okùn àárín kan ni gbogbo wọn ń gùn, ẹ̀ka tó lọ sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju mítà 6 lọ, ìdènà 120 ohm sì gbọ́dọ̀ wà ní orí méjèèjì okùn náà. Ẹ pa iná, kí ẹ fi mítà wọn àárín wáyà ìsọ̀rọ̀ méjèèjì. 60 ohm ló yẹ kí ẹ rí. Bí 120 bá jáde, ìdènà kan kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ 2000 kò lè bá ẹ̀rọ 0183 sọ̀rọ̀ láìsí ẹ̀rọ atúmọ̀ láàárín wọn.

Rédíò gbọ́dọ̀ jìnnà sí kọ́ńpáàsì tó bí ìwé rẹ̀ ṣe sọ, nítorí mágínẹ́ẹ̀tì tó wà nínú gbohùngbohùn rẹ̀.

Nọ́ńbà MMSI, tó ní dígíìtì 9, ni orúkọ ọkọ̀ yín lórí ìkànnì 70. Ti ọkọ̀ Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 657, ti Benin pẹ̀lú 610. Ẹ má ṣe hùmọ̀ nọ́ńbà fúnra yín, kí ẹ má sì yá ti ẹlòmíràn lò. Ọ̀pọ̀ rédíò kì í jẹ́ kí a kọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀méjì lọ, nítorí náà kí ẹnì kan máa kà á sókè, kí ẹnì kejì máa tẹ̀ ẹ́.

Kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, ẹ wo ojú rédíò. Bí ẹ bá wà ní Èkó, dígírì 6 àríwá àti dígírì 3 ìlà-oòrùn ló yẹ kó hàn, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó bá ti ẹ̀rọ atọ́nà mu. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ̀rọ atọ́nà, kí ẹ wò ó bóyá rédíò yóò kìlọ̀ pé òun kò rí ibi tí ọkọ̀ wà mọ́. Ibi tí ẹ bá fi ọwọ́ kọ sínú rédíò kì í ju wákàtí 23 àti ààbọ̀ lọ kó tó pa á rẹ́. Ẹ má ṣe fi bọ́tìnnì pupa dán nǹkankan wò. Bí rédíò yín bá ní ètò ìdánwò DSC, ẹ lo ìyẹn pẹ̀lú ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ yín kan. Ẹ kọ àwọ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan àti ibi tó lọ sórí ìwé, kí ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí wáyà fún rẹwáyà tó bá máa ṣí i lọ́jọ́ mìíràn.