Bá a ṣe so kámẹ́rà fún erin nínú igbó Omo

Ká tó so kámẹ́rà kan ṣoṣo, irú èyí tó máa ń dá ya fọ́tò bí nǹkan bá ti mì níwájú ẹ̀, mọ́ igi, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ la kọ́kọ́ lọ. Igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn lèyí o, igbó ọba ni látọdún 1925, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, náà ti kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ibi tó yẹ ká dáàbò bò látọdún 1977, ṣùgbọ́n èèyàn ń gbébẹ̀, wọ́n ń dáko kòkó, wọ́n ń dẹ̀gbẹ́, ìwé ìjọba nìkan ò lè ṣọ́ igbó yẹn láéláé. Àwọn àgbẹ̀ rò pé a wá lé wọn kúrò lóko ni. A gbé kámẹ́rà síwájú wọn, a fi ya àwọn ọmọdé, a fi fọ́tò ẹ̀ hàn wọ́n, a sì ṣèlérí pé fọ́tò tó bá ya èèyàn, a máa pa á rẹ́. Ìgbà yẹn ni baálẹ̀ tó yọ̀ǹda ọdẹ àgbà kan fún wa.

Èmi ti pín máàpù sí igun mẹ́rin-mẹ́rin lórí kọ̀ǹpútà, mo ní ibi tí GPS, ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà, bá júwe la máa so ó sí. Bàbá kàn ní, "Ọmọ mi, erin kì í gba ibí." Mi ò gbọ́. A so mẹ́fà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé tí atẹ́gùn ń mì àti ẹtu méjì la bá nínú ẹ̀, bátìrì sì ti lọ, ó dùn mí gan-an.

Ẹ̀ẹ̀kejì, Bàbá ló ṣíwájú. Ó bá imí erin lọ́nà, ó fi igi tú u, kóró ààpọ̀ kún inú ẹ̀, ló bá ní ká wá ibi tí ààpọ̀ ti ń so lọ́wọ́. Ó tún fi ẹrẹ̀ gbígbẹ hàn wá lára igi kan, ibi tí erin ti fara ha, ó ga jù mí lọ! Ojú ọ̀nà yẹn la so kámẹ́rà sí, kò ga ju ìbàdí mi lọ, a yí i kúrò níbi tí oòrùn ti ń yọ, a fi àdá gé gbogbo ewé iwájú ẹ̀ torí ewé tó bá ti mì ló máa yà, a sì dì í dáadáa nítorí òjò.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìyá erin kan àtọmọ ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, lóru. Láti 2021 ni wọ́n ti ka erin inú igbó mọ́ àwọn ẹranko tó fẹ́ẹ̀ẹ́ tán láyé, omi bọ́ lójú mi jàre. Bàbá wo fọ́tò náà títí, ó ní òun mọ ìyá yẹn, pé ó ti pẹ́ tí etí òsì ẹ̀ ti ya.

Orúkọ Bàbá ni mo kọ́kọ́ kọ sínú ìròyìn iṣẹ́ náà, kí tèmi tó tẹ̀ lé e.