Bí a ṣe ń lọ Àgbádárìgì ká sì padà lọ́jọ́ kan náà

Ẹ jí láàárọ̀ Sátidé, iná ò sí, ooru mú, afẹ́fẹ́ òkun sì ń wù yín. Ẹ dìde, ẹ máa lọ. Àgbádárìgì ò jìnnà tó bí àwọn ará Èkó ṣe máa ń sọ ọ́. Aago ló ń ba ìrìn náà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Tí aago mẹ́sàn-án bá ti lù kí ẹ tó wẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ Tarkwa Bay. Wọ́n ti kó òkúta dí ìgbì lọ́nà níbẹ̀, ẹ máa rí omi lúwẹ̀ẹ́.

Ẹrù ò pọ̀: bàtà rọ́bà, fìlà, aṣọ ìnura àti owó wẹ́wẹ́. Owó wẹ́wẹ́ yẹn ni kókó, torí ọlọ́kadà àti ọlọ́kọ̀ ojú omi kì í ní ṣénjì nígbà tí wọn ò bá fẹ́ ní in. Ẹ má fowó ra àpò tí omi ò lè wọ̀ fún fóònù, ọ̀rá méjì tí ẹ so lẹ́nu dáadáa á ṣe é.

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ wọ rélùwéè Blue Line ní Mẹ́rínà, Mile 2 ló ń já sí. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 tó ti ń gbé èrò, mi ò rí ohun tí ẹnikẹ́ni tún ń wá nínú gósíló Ọ̀rílé. Káàdì Cowry, èyí tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ l'Ékòó, ni ẹ máa fi wọlé.

Ní Mile 2, ẹ má sáré wọ ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ pariwo "Bàdágírì!" Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí èrò bá ti sọ̀ tán ní Agbárá, wọ́n á ní àwọn ò lọ mọ́. Awakọ̀ ni kí ẹ bi, ẹ má bi agbèrò: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa dé ráńdábáòtù Àgbádárìgì?" Kó dáhùn létí gbogbo èrò. Èmi máa ń tẹ́tí sílẹ̀ ná. Bí àwọn ìyá tó jókòó lẹ́yìn bá ń fi èdè Ẹ̀gùn sọ̀rọ̀, ilé ni wọ́n ń lọ, ọkọ̀ yẹn á dé ibẹ̀.

Láti ráńdábáòtù, ọ̀kadà á gbé yín dé etí ọ̀sà. Ibí yìí ni àwọn èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n á kọ́kọ́ ya fọ́tò kiri ìgboro, ìgbà tí wọ́n bá fi dé etí omi, oòrùn ti ń rọ̀. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ ná owó ọkọ̀ ojú omi ní àlọ àti àbọ̀ pọ̀, ẹ san ìdajì, kí ìdajì tó kù wà lápò yín títí ẹ ó fi padà. Ẹ fa okùn láìfù jákẹ́ẹ̀tì wò kí ẹ tó jókòó. Ìdè rẹ̀ sábà máa ń ti já, wọ́n á sì ní kí ẹ kàn gbé e kọ́rùn. Ẹ gba òmíràn.

Ẹ ó sọ̀ sí erékùṣù Gberefu, ẹ ó sì fẹsẹ̀ rìn nínú iyanrìn gba ẹ̀gbẹ́ kànga tí wọ́n ní wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, títí dé etí òkun gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lúwẹ̀ẹ́. Omi tí ìgbì gbé wá gbọ́dọ̀ padà, ojú kan tóóró ló sì máa ń gbà padà, pẹ̀lú agbára. Ojú ibẹ̀ máa ń parọ́rọ́ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí àlejò fi máa ń yàn án. Omi ò gbọdọ̀ kọjá ọrùn ẹsẹ̀ yín. Bó bá wá gbé ẹnì kan, kó má bá a jà láti padà tààrà. Kó lúwẹ̀ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ìbú etíkun, títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n lú kò ní àyè yẹn rárá.

Aago kan ọ̀sán, ẹ ti gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìgboro wá kù: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí lọ́dún 1845, àti yàrá ẹrú ní agbo ilé Sẹ̀rìkí Abass, oníṣòwò ẹrú ayé àtijọ́. Wọn ò jìnnà síra wọn. Ẹ bèèrè owó amọ̀nà kó tó la ẹnu.

Aago mẹ́ta, ẹ padà sí ráńdábáòtù. Ọ̀nà ẹnubodè Sẹmẹ̀ ni ọ̀nà yìí, agbófinró sì pọ̀ lórí rẹ̀, pàápàá lápá tó kọjú sí Èkó. Ẹ wo búùtù ọkọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Bí àpò ìrẹsì bá wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti dá ọkọ̀ dúró ni wọ́n á ti tú u, ẹ̀yin náà á sì jọ jókòó sínú oòrùn. Ẹ dúró de èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá máa ra àgbọn, ẹ ní kí ìyá tó ń tà á bó o fún yín, kò ní gba àyè lẹ́sẹ̀ yín.