Bí Ọ̀gá Iṣẹ́ Ṣe Lè Mú Kí Òṣìṣẹ́ Máa Sọ Àléébù Ẹ̀rọ

Nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe ọjà jáde ní Àgbárá, Ọ̀tà àti Ìkẹjà, òṣìṣẹ́ máa ń rí àléébù ẹ̀rọ, á sì panu mọ́. Ẹ̀rù ni ó fà á, kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó sọ pé bẹ́líìtì ti fẹ́ já ni wọ́n ń fún ní kúẹ́rì, yóò kúkú fi sẹ́lótéèpù wé e, kí ó lè já mọ́ ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí.

Ìbéèrè yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà. Bí ẹ̀rọ bá dúró, ẹ má ṣe bèèrè pé, "Ta ló bà á jẹ́?" Ẹ bèèrè pé, "Kí lẹ rí kó tó dúró?" Ẹ fi ọ̀wọ̀ sí i pẹ̀lú, nítorí pé bàbá tí ó ti wà nídìí ẹ̀rọ náà kí ẹ tó jáde ilé-ìwé kò ní fẹ́ la inú fún ọ̀gá kékeré tí ń pe orúkọ rẹ̀ gàn-ùn-gàn-ùn lójú ọmọdé.

Ní Toyota, òṣìṣẹ́ tí ó bá rí àléébù ni yóò fa okùn ìkìlọ̀, olórí ikọ̀ yóò sì sáré wá bá a. Bí wọn kò bá tètè rí i yanjú, iṣẹ́ yóò dúró. Nígbà tí Toyota àti General Motors, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ti Amẹ́ríkà, jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Fremont, ní Kalifóníà, ní 1984, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà ni General Motors ti dá dúró nígbà tí ó ti ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà pa. Wọ́n fi okùn yìí lé wọn lọ́wọ́, ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe sì dára ju ti àtijọ́ lọ.

Ní àfẹ̀mọ́jú, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ òru tí ó ń lọ àti ẹni tí ó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ pàdé nídìí ẹ̀rọ, kí wọ́n jọ kọ ọ́ sínú ìwé: ariwo tí kò yé wọn, òróró tí ń jò àti ohunkóhun tí wọ́n fi nǹkan so.

Kásúà, òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ tí wọ́n lè lé lọ́la, kò ní sọ̀rọ̀ rárá. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí a fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn láàárín oṣù 3 tí ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún wọn.

Bí àtúnṣe kò bá lè yá, ẹ padà lọ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tí ó fi tó yín létí kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó parí.