Bí Mo Ṣe Kọ́ Àwòṣe Vickers 161, Bàálù Ogun tí Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀ Wà Lẹ́yìn

Àṣẹ F.29/27 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ń wá bàálù tí yóò fò lábẹ́ bọ́ǹbà (bàálù tó ń ju bọ́ǹbù) ọ̀tá, tí yóò sì yìnbọn sókè sí i. Ìbọn COW (ti ilé iṣẹ́ Coventry Ordnance Works), tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 37, ni wọ́n fẹ́ gbé sí i. Ilé iṣẹ́ Vickers ti ẹ́ńjìnnì Jupiter bọ́ ẹ̀yìn, kí iwájú lè ṣófo fún ìbọn àti awakọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́, ó sì fò ní 1931. Pterodactyl VI, bàálù ogun mìíràn tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí Geoffrey Hill yà ní ilé iṣẹ́ Westland, kò tilẹ̀ kúrò lórí pépà. 161 ni mo kọ́kọ́ mú torí pé fọ́tò rẹ̀ wà láti fi yẹ iṣẹ́ wò.

Ìyẹ́ bàálù náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 32, ó gùn tó 23.5. Bí a bá dín in kù sí ìdá kan nínú 72, ó di mílímítà 135 àti 99.5.

Ọ̀pá ìrù, èyí tó so ìyẹ́ pọ̀ mọ́ ìrù, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ máa ń bàjẹ́ sí. Mo ya àwòrán sórí pépà gíráàfù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, mo fi pín-ìn-nì di waya idẹ mílímítà 0.8 mú lórí ìlà, mo wá fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀. Súpà gúlù kì í di idẹ mú dáadáa: ẹ gbá ìrù díẹ̀ báyìí, ó ti ṣí nìyẹn. Ẹ fi òwú tútù wé oríkèé tó ti jinná kó má baà yọ́ bí ẹ ṣe ń jó èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn láti ṣónṣó ìyẹ́ dé ṣónṣó ìrù lọ́tùn-ún àti lósì. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ tú u.

37 tí a pín sí 72 jẹ́ 0.51, nítorí náà páìpù idẹ tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.5 ló bá ìbọn mu. Ọ̀tún ni ìbọn náà wà, awakọ̀ jókòó sósì. Ẹ ká bébà onígun mẹ́rin tó dọ́gba láti igun dé igun, ẹ ti rí dígírì 45 tí ẹ ó fi gbé e sókè.

Pùrópẹ́là elétí mẹ́rin gba àkíyèsí gan-an. Tí ẹ bá yọ ọ́ lára bàálù mìíràn tí ẹ kàn yí i padà sẹ́yìn, ibi tó yọ ikùn yóò kọjú sí ìrù, afẹ́fẹ́ yóò sì máa fẹ́ síwájú. Iwájú bàálù ni ikùn náà gbọ́dọ̀ kọjú sí, nítorí náà mo gé etí kọ̀ọ̀kan, mo sì tún un lẹ̀.

Ike gígùn tó ń tínrín lọ síhà ìrù, lẹ́yìn pùrópẹ́là, ló gbẹ̀yìn. Tí ẹ bá kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́, pùrópẹ́là kò ní ráyè wọlé mọ́.